Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Sá Aṣọ

Bí ẹ bá bi Nola Tresidder pé kí ló ń dẹ́rù bà á láyé yìí, ohun tí kò dẹ́rù bà á ni yóò máa kà fún yín. Òkú tó ń rìn kò dẹ́rù bà á. Ọkùnrin tó fi àpò bojú, tó gbé ẹ̀rọ ìgégi dání, kò dẹ́rù bà á. Ó ní epo inú ẹ̀rọ náà ò ní pẹ́ tán. Aláǹgbá tó ga ju ilé ìjọsìn lọ kò dẹ́rù bà á, torí ó ti rí síìpù lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Èmi Ailsa nìkan ni mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á, èmi náà ò sì tètè mọ̀ ọ́n.

Nola àti Clarrie ọkọ rẹ̀ ló ni sinimá orí pápá tó wà lẹ́yìn ìlú wa, Kurrajilla, tó jìnnà réré sí Sydney. Ẹ ó wa ọkọ̀ yín wọlé, ẹ ó kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun ńlá kan, ẹ ó yọ sípíkà lórí òpó, ẹ ó fi há ojú fèrèsé, ẹ ó sì jókòó sínú ọkọ̀ yín wo fíìmù. Clarrie ló ń yí fíìmù nínú ilé kékeré tó wà láàárín pápá. Nola ló ń dáná lẹ́yìn pápá, tó ń din ọ̀dùnkún, tó ń ta páì ẹran. Maíìkì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá òróró rẹ̀ tó fi ń pe àwọn tí páì wọn ti jinná. Bó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, inú sípíkà gbogbo ọkọ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Nola fẹ́ràn jù. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gbé àpótí fíìmù dé, Clarrie sì gbọ́dọ̀ yí i látòkè délẹ̀ kó lè rí ibi tó ti já, kó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nola á gbé àga kan sí àárín pápá tó ṣófo, òun nìkan, á wo gbogbo rẹ̀, á máa kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti fàya. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, á tún un kọ sórí páálí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra wàrà. Àwọn tí kì í ka ìwé ìròyìn ń dúró ka páálí Nola.

Fíìmù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe irú èyí tó ń gba ẹ̀bùn. Fíìmù ẹlẹ́rù olówó pọ́ọ́kú ni, ti apààyàn tó ń sá pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti àwọn ọlọ́kadà tó ń dá ìlú rú, ti ọmọbìnrin tí aṣọ rẹ̀ ń ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nola ò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, ṣùgbọ́n kì í gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo ṣì rántí díẹ̀ nínú ohun tó kọ. "Ẹ̀jẹ̀ yìí pupa jù. Tòmátò ni." "Ẹni tó kọ ìtàn yìí ò mọ ibi tó ń lọ mọ́, ló bá bọ́ ọmọbìnrin láṣọ." "Obìnrin yìí fi bàtà gogoro sáré wọ igbó, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ogún ọdún ni mo fi lé àgùntàn, mi ò ṣubú rí. Kí wọ́n tètè pa á kí n lọ sùn." "Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ dára púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn ni gbogbo ẹ̀ bàjẹ́."

Fèrè la fi ń wọn ẹ̀rù nílùú wa. Bí fíìmù bá dé ibi tó le, ẹni tí àyà rẹ̀ já á tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù á gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo pápá á sì máa ké. Èmi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí, ṣùgbọ́n Nola ló fi òfin sí i. Lórí páálí rẹ̀, fèrè kan fún fíìmù tí kò dáa, méjì fún èyí tó ṣe é wò, mẹ́ta fún èyí tó dára. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fúnni ní mẹ́rin. Márùn-ún kò sí. Bí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni, á ní, "Ọjọ́ tí mo bá fi fèrè márùn-ún fún fíìmù, ẹ mọ̀ pé ojú mi ti rí nǹkan."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Vern ọkọ mi ń rẹ́ irun àgùntàn káàkiri oko, a sì ní ọmọ kan, Lorelle, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ kan ni Nola pè mí sí ilé ìdáná rẹ̀, ó gbé aṣọ ìwọ̀sùn funfun kan sókè, ó gùn dé ilẹ̀.

"Ailsa, ṣé o lè ké?"

"Àǹtí Nola, ẹ bi Vern."

"Mi ò ṣàwàdà. Fíìmù ọ̀sẹ̀ yìí ò níláárí. Bí òkú yẹn bá jáde nínú kòtò, mo fẹ́ kí ìwọ náà yọ lẹ́yìn ọkọ̀, kí o sáré la àárín wọn já, kí o máa ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Oṣù kan ni ìwọ àti Vern á fi máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́."

"Àti ọ̀dùnkún ńkọ́?"

"Ojú ẹ le. Àti ọ̀dùnkún."

Mo sáré lóòótọ́. Mo da irun bojú, mo ké, mo gbá ojú fèrèsé àwọn ènìyàn. Ẹ ò rí i bí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ṣe ń tilẹ̀kùn mọ́ra wọn! Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé èmi ni, wọ́n tan iná ọkọ̀, wọ́n fi fèrè yẹ́ mi sí títí etí mi fi di. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, n kò lè ra búrẹ́dì kí ẹnìkan má pè mí ní Ìyá Òkú. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí kó tó dìgbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni fíìmù awakùsà dé. Ẹ̀mí àwọn tí kòtò kùsà wó lù ló ń jáde wá gba ìyàwó wọn. Páálí Nola ọ̀sẹ̀ yẹn rèé, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láé: "Ìbẹ̀rẹ̀ dáa. Ìgbẹ̀yìn á gba fèrè mẹ́ta. Àárín ni wàhálà: obìnrin kan ń sá aṣọ, ó ń sá aṣọ, ó ń sá aṣọ. Kò sí orin, kò sẹ́nikẹ́ni. Ẹ wá ra páì yín nígbà náà, ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan."

Ooru mú lọ́jọ́ náà. Mo ká kúbùsù kan nílẹ̀ fàráńdà ilé wa, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, Lorelle sì sùn lé e kí oòrùn tó wọ̀ tán. Ní agbègbè wa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé bó o bá máa wọ bàtà, kí o gbọ̀n ọ́n. Bó o bá máa ká aṣọ nílẹ̀, kí o gbọ̀n ọ́n. Èmi ò gbọ̀n kúbùsù yẹn. Mo ń kánjú kí a lè rí àyè níwájú.

A rí àyè níwájú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, fèrè díẹ̀ dún, obìnrin inú fíìmù sì gbé agbọ̀n aṣọ jáde sẹ́yìnkùlé. Vern rẹ́rìn-ín.

"Aṣọ Nola ti dé. Ṣé o fẹ́ páì?"

"Ọ̀dùnkún ni. Kí o fi ọtí kíkan sí i dáadáa."

Ó lọ. Ìdajì àwọn tó wà ní pápá ló ń lọ bẹ́ẹ̀, bí Nola ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Obìnrin náà mú aṣọ àtẹ́sùn kan nínú agbọ̀n, ó gbọ̀n ọ́n. Mo bojú wẹ̀yìn wo ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ ògiri ń tàn sí i lára, mo rí i tí etí kúbùsù ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ọmọ náà ló ń mi ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dákẹ́ jẹ́ẹ́, nǹkan náà sì ń mì síbẹ̀.

Orí ejò jáde. Èyí tó láwọ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ ni, èyí tí àwa ará ibí kì í dúró wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ara rẹ̀ sórí ojúgun ọmọ mi, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó dé ilé.   Bí mo bá pè é, á jí, á ta ẹsẹ̀. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, iná inú ọkọ̀ á tàn. Mo rọra na ọwọ́ sí i láti òkè àga, díẹ̀díẹ̀, mo ń bẹ ejò náà nínú ọkàn mi bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká rẹ̀ nígbà tí Lorelle yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Mi ò rí bí ó ṣe ṣán an. Ọmọ náà la ojú, ó ní, "Mọ́mì, nǹkan gún mi."

Mo fà á lápá gba orí àga, mo fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo sáré.

"Ejò! Ejò ti bu ọmọ mi jẹ! Ẹ gbà mí o! Ejò!"

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tan iná sí mi lójú. Mo rò pé olúwa rẹ̀ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó tẹ fèrè. Èkejì tẹ fèrè. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo pápá gbà á, iná ń ṣẹ́jú láti ibi gbogbo, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Athol Pike, ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tó mọ ọmọ mi láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Mo gbá fèrèsé rẹ̀. Ó yí i sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ailsa, tòní tún dáa ju ti ìjọ́sí lọ! Ẹ ti fi Lorelle kún un! Èló ni Nola ń san fún un?"

"Athol, ejò ni! Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀!"

"Túbọ̀ ké, túbọ̀ ké! Ìyàwó mi ò tíì ṣubú lórí àga!"

Ó tún tẹ fèrè. Mo ní kí n ṣẹ́ ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kún. Mo fi í sílẹ̀. Obìnrin kan tí mo di apá aṣọ rẹ̀ mú já ara rẹ̀ gbà, ó ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín: "Má fọwọ́ kàn mí o, ẹ̀rù á bà mí!" Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mú ara wọn, wọ́n fi ara dí ọ̀nà fún mi, wọ́n ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé ló wà ní pápá yẹn, gbogbo wọn ń wò mí, gbogbo wọn gbọ́ ohun tí mò ń wí, kò sì sí ẹnìkan tó gbà mí gbọ́. Ìyẹn gan-an ni òkúta tó wà lọ́rùn mi títí dòní. Mi ò bẹ̀rù ejò tó bí mo ṣe bẹ̀rù ẹ̀rín wọn.

Mo ń sáré lọ sí ilé ìdáná, torí Vern wà níbẹ̀, Nola sì wà níbẹ̀. Lorelle ti ń wúwo lọ́wọ́ mi. Ìgbà náà ni ohùn Nola jáde nínú gbogbo sípíkà, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn.

"Ailsa! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ níṣẹ́ lálẹ́ òní? Mi ò ní fúnni ní ọ̀dùnkún kankan o!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo ronú pé báyìí ni ọmọ mi á ṣe kú, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìdáná, Nola fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó gbé maíìkì sílẹ̀, ó mú pẹ́ńsù kó lè ka iye fèrè sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbójú sókè kó lè kọ ibi tí fíìmù dé. Aṣọ ló rí. Obìnrin náà ṣì ń sá aṣọ. Ọwọ́ Nola dúró. Ó ní ohun tó sọ sí òun lọ́kàn ni pé Ailsa gọ̀, ṣùgbọ́n kò gọ̀ tó báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ sáré dẹ́rù bani á dúró de ìgbà tí òkú bá jáde nínú kòtò kùsà. Kò sẹ́ni tó máa fi ìsáré ṣòfò lórí aṣọ sísá.

Ó ké sí Clarrie: "Pa á! Pa fíìmù!"

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí sinimá náà, Clarrie ò dá fíìmù dúró láàárín rí. Kódà nígbà tí iná mú òróró ní ilé ìdáná, ó yí i dé òpin. Ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, ó sì pa á. Ògiri ṣókùnkùn. Bí fíìmù bá dúró, fèrè á dúró. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan ṣoṣo ló kù, tèmi ni, ó ti há.

"Ejò ni. Ẹ jọ̀ọ́. Ejò ni."

Nola ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Vern wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ojú eyín ejò méjì kéékèèké ni, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń sun níbẹ̀, kò pupa bíi ti fíìmù, kò pọ̀.  Nola sáré wọlé, ó já aṣọ ìwọ̀sùn funfun yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi eyín fà á ya, ó sì fi di ẹsẹ̀ Lorelle láti ọmọ ìka dé itan, ó fi igi tí ó fi ń ro òróró dè é mọ́ ọn kó má baà mì.

"Má jẹ́ kó rìn. Má jẹ́ kó ta ẹsẹ̀. Clarrie, gbé pikọ́ọ̀pù!"

Athol Pike dúró síbẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀. Mi ò wò ó.

Ọsibítù tó ní oògùn oró ejò jìnnà sí wa tó ọgọ́ta kìlómítà, kangarú sì máa ń sọdá ọ̀nà yẹn bí ewúrẹ́. Clarrie ò rọra wa ọkọ̀. Vern di ilẹ̀kùn mú. Lorelle wà lórí itan mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan Nola, Nola sì fi ọwọ́ méjèèjì di í mú bí ẹni gbé ẹyin. Ìpéǹpéjú ọmọ náà ń wálẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé fíìmù ti tán?"

"Kò tíì tán. Má sùn, ọmọ mi."

"Èmi ò fẹ́ wò ó mọ́."

Jìnnìjìnnì tó bò mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbìyànjú láti júwe rẹ̀. Nígbà tí a dé, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní eyín rẹ̀, kò sì dá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò lè sọ fún mi pé á yè tàbí kò ní yè. Ní ọjọ́ kẹrin ló bèèrè ọ̀dùnkún, mo sì bú sẹ́kún lójú gbogbo nọ́ọ̀sì.

Nola ò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù náà ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Épírọ́ọ̀nù olóròóró yẹn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bínú sí i, mo ti to gbogbo èébú tí mo máa bú u. Mo jáde sí i. Ó dìde, ó ti kéré, bí ìyá àgbà.

"Ailsa, ó pẹ́ tó? Láti ìgbà tó o ti ń sáré títí mo fi dé. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó?"

Èébú náà wà lórí ahọ́n mi. N kò mọ ohun tó gbé e mì.

"Kò pẹ́, Àǹtí Nola. Bóyá ìṣẹ́jú kan."

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ìṣẹ́jú kan," ó sì jókòó.

Bí fèrè ṣe dópin ní Kurrajilla nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fòfin dè é. Ẹnikẹ́ni ò kàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ìlú wa á gbọ́ fèrè ọkọ̀ wàrà láàárọ̀, gbogbo ènìyàn á yọjú síta. Athol Pike ra kẹ̀kẹ́ fún Lorelle ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ títí a fi ní kó dákun.

Sinimá orí pápá tì nígbà tí fídíò dé. Clarrie kú. Nola sọ pálọ̀ rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń yá fídíò, ó sì ń lẹ páálí rẹ̀ mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀, èrò rẹ̀ ń le sí i bó ṣe ń dàgbà. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ di ọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó fíìmù ẹlẹ́rù àtijọ́ jọ ń ti Sydney wá bá a, wọ́n á jókòó sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé, á sì sọ fún wọn èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí nínú ohun tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ fàya, iwájú orúkọ fíìmù kan ṣófo. Kò fún un ní fèrè. Bí wọ́n bá bi í nípa rẹ̀, á ní òun ò rántí. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìbí Lorelle, á bi mí lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìṣẹ́jú kan, àbí?" Èmi náà á ní, "Ìṣẹ́jú kan."

Lọ́dún tó kọjá ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn fi àwo fíìmù kan ránṣẹ́ sí i. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́rùsí ẹnìkan, wọ́n ti tún un ṣe, Nola sì ni ẹni kan ṣoṣo tí òun mọ̀ tó wò ó nígbà tó jáde. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó sọ èrò rẹ̀. Nola pè mí lórí fóònù.

"Fíìmù awakùsà ti dé. Wá ká wò ó."

Mo ní, "Kí la fẹ́ wò níbẹ̀, Àǹtí Nola? Ẹ jẹ́ ká máa mu tíì wa."

"Bí o ò bá wá, èmi nìkan á wò ó."

Mo lọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn, ó ti fa kọ́tìnnì. Ìwé rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Mo jókòó. Kì í ṣe fíìmù náà ni mò ń bẹ̀rù. Aago kékeré tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò, tó ń ka ìṣẹ́jú. Lorelle ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju hóró àgbàdo lọ. Irọ́ tí mo pa fún Nola ló ti ń tọ́jú àwa méjèèjì láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì fẹ́ kí ó kú lójú mi.

Obìnrin náà gbé agbọ̀n jáde. Nola di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Níbo lo wà nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í sáré? Má purọ́ fún mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún."

Obìnrin náà mú aṣọ kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a.  Ó mú èkejì.

"Ibí," mo ní.

Nola tẹ ojú mọ́ aago. A jókòó. Obìnrin inú fíìmù sá aṣọ àtẹ́sùn. Ó sá ìrọ̀rí. Ó sá ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan, ó wá ìkejì rẹ̀ nínú agbọ̀n, ó rí i, ó sá a. Kò sí orin. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́ aṣọ náà sókè, tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.  Mo ń gbọ́ fèrè, mo ń gbọ́ Athol, mo ń gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, obìnrin yẹn kò sì ṣíwọ́. Mo fẹ́ pariwo kí ó ṣe kíá. Ìka Nola ti wọ inú ẹran ara mi.

Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú aṣọ tó gbẹ̀yìn nínú agbọ̀n, Nola tẹ rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà dúró báyìí, ó tẹ̀ kọ́dọrọ.

"Ibí ni mo ti ní kí Clarrie pa á."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Àwa méjèèjì rí i.

"O ní ìṣẹ́jú kan."

"Mo purọ́."

"Mo mọ̀ pé o purọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ́sibítù ni mo ti mọ̀. Mi ò kàn mọ̀ pé ó tó báyìí." Ó fi ìka tẹ ìwé orí itan rẹ̀. "Mo kọ ọ́ pé wọn ò ní pàdánù nǹkan kan. Ailsa, gbogbo ayé mi ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn ibi tí ẹ̀rù wà nínú fíìmù."

Mo ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ ibi tí kò yẹ kí ẹ̀rù wà. Òun ló jẹ́ kí ẹ sáré wá bá mi."

 Nola ṣí ìwé náà síbi tó ṣófo, ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà kan. Ó fa èkejì. Ó fà á pé márùn-ún, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà: ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Ó pa ìwé náà dé. Ó ń wo kọ́tìnnì tí afẹ́fẹ́ ń gbé díẹ̀díẹ̀.

"Ailsa, aṣọ mi wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀," ó ní. "Bá mi lọ. Mi ò lè dá lọ ká a."